Ojú Méje Lára Ògiri

                                        Ilé Kejìlá, Òpópónà Odò,
                                        Dolno Pchelino,
                                        Lẹ́bàá Plovdiv,
                                        Bulgaria.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2023.

Dobrinka, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Valencia níbẹ̀? Plamen ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọsàn níbi iṣẹ́ ẹ̀? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ lásìkò Àjíǹde, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá arúgbó tí ò ń tọ́jú, ṣé wọ́n ṣì ń fi orúkọ ìyàwó wọn tó ti kú pè ọ́? Má bínú sí wọn, ọjọ́ orí ló ń ṣe wọ́n. Ara tiwa náà le níbí, àfi òtútù tó ti wọlé dé nígbà tí igi ìdáná ò tíì gbẹ.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Zdravka fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù ni. Mo mọ̀ pé n ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìwọ náà á gbè é, a ò sì ní lè sọ nǹkan kan tó lórí tó nídìí. Ẹgbẹ́ wa ti tú ká, Dobrinka. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí a ti da àwọn ìkòkò dé. Èyí tó tún burú jù ni pé ọwọ́ mi ló ti wá. Fara balẹ̀ kà á, má tíì bínú sí mi títí tí o fi máa kà á tán.

O rántí bí a ṣe wà nígbà tí o wálé kẹ́yìn: obìnrin méje nídìí ìkòkò, èmi tí mo ń bá wọn kọ ìwé ẹgbẹ́ ṣe ìkẹjọ, ilé ìdáná iléèwé àtijọ́, ìyá rẹ tí wọ́n jẹ́ olórí wa, tàtàsé tí a ń fi iná igi yan, tí a ń bó, tí a ń rò pọ̀ mọ́ tòmátò títí tó fi máa di lyutenitsa gidi. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tó ní kò dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ ẹ́ ò kọjá ará Rakovets, ìlú tó wà nítòsí wa, àwọn náà sì ń dín kù lọ́dọọdún, torí àwọn ọmọ wọn ti tẹ̀lé yín lọ. Èmi ni mo ń bójú tó ojú ewé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi náà ni mo fi fóònù mi ya fọ́tò tó wà níbẹ̀: ìgò mẹ́ta lórí ọ̀rá tábìlì aláwọ̀ ewé, ike ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òjìji orí èmi fúnra mi sì bo ìdajì. Ọdún méjì ni fọ́tò yẹn fi wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́rin péré ló kọ̀wé sí wa, ọ̀kan nínú wọn sì ń béèrè bóyá ọṣẹ là ń tà.

Lóṣù Kẹfà ni ọkùnrin kan kọ̀wé láti Sofia, Ọ̀gbẹ́ni Asenov. Ó ní ogún ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta oúnjẹ abúlé fún àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú. Ó ti tọ́ lyutenitsa wa wò nílé àna ẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè gbé ìgò tí kò lójú sórí àtẹ. Ó ní àwọn oníbàárà òun gbọ́dọ̀ rí ẹni tó sè é àti ibi tí wọ́n ti sè é, ká lọ wá fọtogíráfà tó mọṣẹ́, kí fọ́tò sì dé ọwọ́ òun kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Tó bá ti tẹ́ òun lọ́rùn, gbogbo ohun tí a bá sè lòun máa kó. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ á yè. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọdún yìí la máa sè kẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò kàn sẹ́ni tó ń sọ ọ́ jáde ni.

Ìyá rẹ ò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní ẹnu ni wọ́n fi ń jẹ lyutenitsa, wọn kì í fi ojú jẹ ẹ́. Rayna, ọ̀kan nínú àwọn méje, dá sí i, ó ní tó bá jẹ́ ti fọ́tò ni, ṣé Gancho ò sí ní Rakovets ni? Gancho tó ń jókòó sẹ́yìn wa ní kíláàsì kẹrin, tó máa ń fa irun rẹ. O mọ̀ pé òun ló gba ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀. Fọ́tò ìwé ìrìnnà àti bébà òkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òpó ni iṣẹ́ ẹ̀. Mo ní Gancho ò mọ bí wọ́n ṣe ń ya alààyè. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. A pe Kalina láti Plovdiv, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó jẹ́ pé fọ́tò ilé-iṣẹ́ nìkan ló ń yà. Lọ́jọ́ tó máa wá, gbogbo wọn ti lọ ṣe irun. Rayna gbé aṣọ tó fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ wọ̀. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tuntun sórí tábìlì, wọ́n wá tò bí ọmọ iléèwé tó ń retí alábẹ̀wò. Kalina kí wọn, ó fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú àpò, ó ní kí wọ́n fún òun lọ́bẹ, ó jókòó, ó ń bá wọn bó tàtàsé. Odindi ọjọ́ kan, kò ya ẹyọ kan ṣoṣo. Ìyá rẹ fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ṣé fọ́tò la pè é wá yà ni, àbí iṣẹ́ ló ń wá?"

Ọjọ́ kejì ló tó mú kámẹ́rà jáde. Ó ní kí wọ́n lọ bọ́ aṣọ òde, kí wọ́n wọ èyí tí wọ́n fi ń dáná lójoojúmọ́. Ó ká ọ̀rá kúrò lórí tábìlì. Ó béèrè fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé láàárọ̀, ibẹ̀ ló to ìgò sí, oòrùn wọ inú wọn, wọ́n pọ́n bí ẹ̀yinná. O mọ bí ìyá rẹ ṣe máa ń fa ṣíbí onígi gba ìsàlẹ̀ ìkòkò kọjá láti mọ̀ bóyá ó ti jinná, tí ọ̀nà á sì là gbọnrangandan lẹ́yìn ṣíbí náà? Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un. Ó ti rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ń bó tàtàsé, ó sì dúró dè é. Nígbà tí mo rí fọ́tò yẹn, itọ́ dà lẹ́nu mi, èmi tí mo ti jẹ lyutenitsa débi tó ti sú mi. Mo bi í pé ṣebí ìgò kan náà lèmi náà yà, kí ló dé tí tèmi ò rí báyìí. Ó ní ìgò ni mo yà, òun ń ya ìdí tí èèyàn fi máa rà á. Ó ní ẹni tó wà ní Sofia ò mọ̀ wá, kò lè fẹnu tọ́ ọ wò, ojú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹun.

Lẹ́yìn náà ló wá ya ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, dúdú àti funfun, fún ògiri ṣọ́ọ̀bù Sofia. Ó ní méjèèje á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ńlá ńlá, ìgò pupa á tò sí ìsàlẹ̀ wọn. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má pín wọn níyà. Ó ní tí mo bá fẹ́ tẹ ohunkóhun sórí bébà, kí n jẹ́ kí òun mọ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ló máa gbà ní Plovdiv.

Dobrinka, fọ́tò wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Mo gbé wọn sórí ojú ewé wa, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ń kọ̀wé láti Varna, láti Burgas, láti ibi tí mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni Asenov pè mí fúnra ẹ̀, ó ní òun ń gbóòórùn èéfín nínú fọ́tò, ká bẹ̀rẹ̀ sí í ra tàtàsé. Ìyá rẹ sunkún lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní ogójì ọdún làwọn ti ń sè é, òní làwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Inú dídùn ló bà wá jẹ́. Ìyá rẹ ní a ò lè máa gbé oúnjẹ lọ fún ará Sofia ká má kọ́kọ́ ṣe ará ilé lálejò. Wọ́n ní ká pe Rakovets wá tọ́ tuntun wò ní Sátidé, agogo mọ́kànlá àárọ̀, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa, torí ibẹ̀ ni tábìlì gígùn wà. Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Kalina ní òun nílò. Èmi yìí, èmi tí wọ́n kìlọ̀ fún, èmi ni mo gbé ojú méjèèje lọ bá Gancho. Mo ní kó tẹ̀ wọ́n, ojú kan sí bébà kan, kó kọ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìyìn díẹ̀, ọjọ́ àti àkókò, kó sì lẹ̀ wọ́n káàkiri ìlú. Mi ò dúró wò ó, ọkọ̀ tàtàsé ló ń dúró dè mí.

Gancho ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ojú dúdú àti funfun láàárín bébà, ìlà dúdú yí i ká, orúkọ ní lẹ́tà gàdàgbà. Lábẹ́ ti ìyá rẹ ló kọ ọ́ sí pé: "Ogójì ọdún ló fi sìn wá. A kò ní gbàgbé ọwọ́ rẹ̀. Sátidé, agogo mọ́kànlá àárọ̀, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì." Ó wá lẹ gbogbo ẹ̀ síbi tó máa ń lẹ bébà sí láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́: òpó iná, ibùdókọ̀, ara igi iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí mo lọ bá a jà lẹ́yìn náà, ńṣe ló ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó ní, "Mo yọ àgbélébùú kúrò o, Zdravka. Àgbélébùú ni mo kọ́kọ́ yọ. Kí ló tún kù níbẹ̀ tó jọ ti òkú?"

Ìwọ náà mọ̀ wá. Ta ló ń ka bébà òkú dé ìsàlẹ̀? Ojú là ń wò, a ka orúkọ, a fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, a bá tiwa lọ. Kí ilẹ̀ Wẹ́sìdeè tó ṣú, gbogbo Rakovets ti gbọ́ pé obìnrin méje kú lẹ́ẹ̀kan náà ní Dolno Pchelino, ìdáná kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń ṣiṣẹ́. Kò dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ dókítà kó tó mọ ohun tó máa pa wọ́n. Ilé ìtọ́jú ọmọdé da ìgò tiwa nù. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá ọjà kó wa kúrò lórí àtẹ. Àwọn kan pè wá, ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò la wà láti àárọ̀ dalẹ́, fóònù wa wà nínú àpò aṣọ tó wà lára ìṣó. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e, ìyẹn náà tún jẹ́rìí sí i. Ní Tọ́sìdeè, awakọ̀ bọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó kú lóṣù Keje ló ń sọ. Mo ní ẹ ṣeun.

Sátidé dé. A tẹ́ tábìlì: búrẹ́dì gbígbóná, wàràkàṣì, ìgò tó ń dán. Agogo mọ́kànlá lù, a rí èrò tó ń bọ̀. Wọ́n pọ̀, inú mi dùn, mo ní fọ́tò ti tún ṣiṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n súnmọ́ ni mo rí i pé dúdú ni gbogbo wọn wọ̀. Òdòdó wà lọ́wọ́ wọn. Mo ka ti ẹni iwájú, mẹ́rin ni. Ti ẹni tó tẹ̀lé e, mẹ́fà. Méjì-méjì ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, bí a ṣe ń gbé e fún òkú.

Minko tó ń ṣe bàtà ló wà níwájú. Ó wo ìyá rẹ, ó wo ṣíbí tó wà lọ́wọ́ wọn.

"Velika, ṣé ìwọ nìyí?"

"Ta lo tún fẹ́ kó jẹ́?"

"Mo ti ń sunkún ẹ láti ìjẹta."

"O ṣeun. Wá jẹ búrẹ́dì."

"Rárá o," ni Minko wí. "Mi ò ní jẹ ẹ́."

Ó gbé òdòdó ẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, torí kò mọ ibi tó tún fẹ́ gbé e sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń ká wa sí fídíò. Ìyá kan tó wọ bọ́ọ̀sì méjì wá bínú gidi. Ó ní, "Ẹ fẹ́ ta ata, ẹ wá kú? Ṣé ikú lẹ fi ń polówó ọjà?" Rayna fẹ́ ṣàlàyé, ó bú sẹ́kún. Búrẹ́dì tutù sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èmi náà wò ó, mo rí ohun tí wọ́n rí: búrẹ́dì tí à ń pín níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Sàráà òkú ni.

A rò pé bí wọ́n ti rí wa láàyè yìí, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kì í ta oúnjẹ. Àwọn kan gbà pé a ò kú, ṣùgbọ́n wọ́n ní nǹkan ṣe wá lóòótọ́, ọsibítù ló gbà wá là. Ní Mọ́ńdè, àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò dé. Wọ́n ṣe jẹ́jẹ́, wọ́n tiẹ̀ bẹ̀ wá, ṣùgbọ́n wọ́n ní tí wọ́n bá ti fẹjọ́ májèlé sun àwọn, àfi kí àwọn ti ìdáná pa títí èsì àyẹ̀wò á fi jáde. Ọjọ́ méjìdínlógún. Tàtàsé wo ló máa dúró de èèyàn fún ọjọ́ méjìdínlógún? Gbogbo èyí tí a rà fún Sofia jẹrà sínú àpótí lágbàlá. Rayna máa ń wá láràárọ̀, á jókòó tì wọ́n. Nígbà tí èsì jáde, kò sí nǹkan kan nínú oúnjẹ wa. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó kà á.

Mo lọ sí Rakovets láti lọ ya àwọn bébà yẹn kúrò. Ìyá arúgbó kan gbá mi lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀. Ó ní ṣé mi ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni, òjò ló ń mú bébà òkú kúrò, èèyàn kì í fọwọ́ ya á. Mo ní màmá, kò sẹ́ni tó kú. Ó fọwọ́ pa mí léjìká, ó ní, "Gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ní ń sọ bẹ́ẹ̀." Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Kalina gbọ́, ó sì wá. Kò bá mi jà, ìbá sàn fún mi kó bá mi jà. Ó di bébà Gancho mú, ó wò ó pẹ́. Ó ní fọ́tò ò lẹ́nu. Ibi tí a bá gbé e kọ́ àti ohun tí a bá kọ sábẹ́ ẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀, ìdí tí òun fi ní kí n pe òun nìyẹn. Mi ò lè gbójú sókè wò ó.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Asenov pè. Èèyàn burúkú kọ́. Ó ní òun ti rí èsì àyẹ̀wò, òun mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n fídíò wa ti dé Sofia, wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri. Ó ní ojú lòun ń rà lọ́wọ́ wa, ojú yẹn sì ti di ojú òkú; ẹni tó bá rí i lára ìgò á rẹ́rìn-ín tàbí kó bẹ̀rù, kò ní rà á. Ó wá béèrè bóyá a ní àwọn obìnrin mìíràn tí Kalina lè yà, kí àwọn tiwa kàn máa sè é lọ lẹ́yìn wọn. Mo jíṣẹ́ náà fún ìyá rẹ. Mo rò pé wọ́n máa bú mi. Ìkòkò ni wọ́n ń nù. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé ojú tá a ní nìyẹn." Wọ́n ń nu ìkòkò wọn lọ.

Bí ẹgbẹ́ ṣe tú nìyẹn. A nàwọ́ sókè, ó tán. Rayna ti kó lọ bá ọmọ ẹ̀ ní Plovdiv. Èmi rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kun adìyẹ, bọ́ọ̀sì wákàtí kan àti ààbọ̀ ni lójoojúmọ́. Ìyá rẹ ò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi rí, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Mo rò ó títí, mi ò rí ibi tí mo lè gbà tún un ṣe. Mi ò ní tàn ọ́ pé ó máa dáa.

Bá mi kí Plamen, kí o bá mi kí bàbá tí ò ń tọ́jú, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ mí. Gbogbo àwọn tó kù lábúlé ní kí n kí ọ, wọn ò pọ̀ mọ́.

Fọ́tò kan wà nínú àpòòwé yìí. Ìyá rẹ ni, bí Kalina ṣe yà wọ́n, kò sí ìlà dúdú lára ẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, kí n sọ pé ẹ̀bùn ni, kí n má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé, "Wọn ò ya fọ́tò tó dáa tó báyìí fún mi rí láyé mi. Kí Dobrinka tọ́jú ẹ̀. Tó bá dọjọ́ tó jẹ́ òótọ́, kí wọ́n má wá òmíràn." Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń sọ fún ọ pé ọjà ń lọ. Tí o bá pè wọ́n ní Sọ́ńdè, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́ fọ́tò náà. Bi wọ́n pé ìgò mélòó ni wọ́n sè lọ́sẹ̀ yìí, kí o dákẹ́, kí o jẹ́ kí wọ́n kà á fún ọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,

Zdravka.